Ohùn Dídùn, Inú Òfìfo: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Oníbéèsì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ má fi owó àjọ ra béèsì onínú òfìfo. Ẹ má fi lóònù orí fóònù rà á. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni béèsì tí ẹ máa ní nílé, ẹ má rà á rárá, kódà kí ẹni tó ń tà á dín owó rẹ̀ kù dé ìdajì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa korò létí àwọn kan, nítorí ohun èlò náà rẹwà, ohùn rẹ̀ sì ń wọni lára. Ẹ̀wà yẹn gan-an ni mo ń kìlọ̀ lé lórí. Kò sẹ́ni tó ń jẹ gbèsè nítorí ohun tí kò wù ú.

Èwo ló ń jẹ́ béèsì onínú òfìfo? Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, irú èyí tí Leo Fender gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951 tó sì sọ ní Precision, òdidi pákó ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gé pákó, wọ́n gbẹ́ ibi tí wáyà àti píkọ́ọ̀pù máa wọ̀, ó parí. Onínú òfìfo kò rí bẹ́ẹ̀. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà níwájú rẹ̀, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ooru tẹ̀ ló yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, afẹ́fẹ́ ló sì kún ikùn rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ki ìtì igi kan gba àárín inú wọn já, láti ìdí ọrùn dé ìsàlẹ̀, bíi Gibson EB-2 tó jáde lọ́dún 1958. Ìyẹn sàn díẹ̀. Díẹ̀ náà ni mo wí.

Èyí tó lókìkí jù nínú gbogbo wọn ni Höfner 500/1, tó rí bíi fáólìnì. Iléeṣẹ́ Höfner ti wà láti ọdún 1887 ní Schönbach, ìlú tí wọ́n ń pè ní Luby báyìí ní orílẹ̀-èdè Czech, fáólìnì àtàwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe kí wọ́n tó dórí gìtá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bá ara wọn ní Bubenreuth, lápá gúúsù Jámánì. Ibẹ̀ ni Walter Höfner ti gbé ara fáólìnì wọ béèsì oníná, tó sì jáde sọ́jà lọ́dún 1956. Bí kì í bá ṣe ti ọmọ Liverpool kan ni, bóyá ni à bá máa dárúkọ rẹ̀ lónìí. Paul McCartney ra tirẹ̀ ní Hamburg lọ́dún 1961, ní nǹkan bí 30 pọ́n-ùn. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ìdí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: kò wọ́n, àti pé ọlọ́wọ́ òsì ni òun, ara tó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì kò sì ní jẹ́ kí òun dà bí ẹni tó gbé gìtá sódì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nítorí pé kò wọ́n ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe rà á. Lónìí, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà rà á, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì ti lé ní 2,000 dọ́là lówó tuntun.

N kò ní parọ́ mọ́ ohun èlò. Fi àtàǹpàkò tẹ okùn tó nípọn jù lọ, ohùn náà á jáde gbìn-ìn, á gbalẹ̀, á sì yára kú. Ìdí ni pé igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ okùn, wọ́n sì ná gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òdidi pákó kì í ná a bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn tirẹ̀ fi ń pẹ́. Etí Yorùbá sì ti mọ irú ohùn kúkúrú, abikùn ńlá yìí tipẹ́. Àgídìgbo tí ẹ ń gbọ́ nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ bí kì í bá ṣe iṣẹ́ béèsì? Irin pẹlẹbẹ lórí àpótí òfìfo, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá gbọ́ Höfner nínú fídíò kan tí orí rẹ̀ wú, kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí bàbá rẹ̀ jó sí ló gbọ́.

Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè: níbo ni ẹni inú fídíò yẹn ti ta á tó fi dùn tó bẹ́ẹ̀? Nínú yàrá ni, pẹ̀lú ámpù kékeré, tàbí ní sítúdíò tí wáyà rẹ̀ ti wọnú kọ̀ǹpútà tààrà. Kò sí sípíkà ńlá kankan tó kọjú sí i. Ibi tí ẹ̀yin ń gbé e lọ ńkọ́?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ wo èyí: ní oṣù Kẹjọ ọdún 1965, ẹgbẹ́ McCartney, àwọn Beatles, ṣeré ní pápá Shea Stadium ní New York níwájú èrò tó lé ní 55,000. Béèsì abifáólìnì yìí wà lọ́rùn McCartney. Ámpù Vox tí wọ́n ṣe fún wọn nítorí ìrìn àjò yẹn, 100 wátì ni agbára rẹ̀, igbe àwọn ọmọbìnrin sì bo orin mọ́lẹ̀ pátápátá. Béèsì náà gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà, nítorí pé kò sí ohùn ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè kọlù ú. Ẹ wá wo òkú àgbà tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ kánópì ní Ìjẹ̀bú, sípíkà tí wọ́n tò lé ara wọn bíi bíríkì lọ́tùn-ún lósì. Kò sí òkú kan tó ní láárí láyé ìsinsìnyí tí sípíkà rẹ̀ kò ju tàwọn Beatles ọjọ́ yẹn lọ fíìfíì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú irú sípíkà bẹ́ẹ̀ nìyí. Sípíkà ń mi afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ń mi ojú igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, igi ń mi okùn. Píkọ́ọ̀pù kò mọ̀ bóyá ọwọ́ èèyàn ló ta okùn tàbí afẹ́fẹ́. Bí okùn bá ti mì, ó máa rán an sí ámpù. Ámpù sọ ọ́ di ńlá, ó dá a padà sí sípíkà, sípíkà tún fi agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ mi igi. Kò ní pẹ́ tí béèsì á fi máa hu fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí okùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí máìkì ṣe ń súfèé lójijì, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti béèsì. Máìkì a máa ké létí, kíá ni gbogbo ènìyàn á mọ̀. Ti béèsì, ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn E rẹ̀ ń mì nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn A nígbà 55. Ara ló kọ́kọ́ ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kí etí tó gbọ́ ọ. Kí ẹni tó wà nídìí míkísà tó mọ ibi tó ti ń wá, sípíkà ìsàlẹ̀ ti ń fò síwá sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ ya, wáyà inú rẹ̀ sì lè jó.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà níbi ìsọ́ òru kan tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin oníbéèsì gbé abifáólìnì tuntun dé, ó ń dán yinrin. Wọ́n fi orin ìyìn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn débi pé olórí akọrin yíjú padà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí onílù mú un gbóná, ọmọ yìí kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́, ó na ìka sókè sí ẹni tó wà nídìí míkísà pé kó fi kún un. Ó fi kún un. Ọmọ náà gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn láti fi áńkáṣíìfù nu ojú, béèsì bá ń bá iṣẹ́ lọ láìsí òun. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ọkọ̀ àjàgbé kan ń gba ojú títì kọjá, àga tí a jókòó lé ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó di híhu gidi. Ẹni tó wà nídìí míkísà ta gìrì, ó fa ohùn àwọn akọrin wálẹ̀ dípò ti béèsì. Ọmọ náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo okùn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ara igi náà ṣì ń kùn. Títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló fi kọ sí sípíkà, ọwọ́ kan kò kúrò lórí okùn, ohùn rẹ̀ sì ti kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá béèsì wà nínú orin tàbí kò sí. Sípíkà ìsàlẹ̀ kan kò sọ̀rọ̀ mọ́ lóru ọjọ́ náà. Ẹni tó wà nídìí míkísà ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á pé kò le, pé kí ẹ fi fóòmù kún inú rẹ̀, kí ẹ dí ihò ojú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó máa ń dín in kù. B. B. King pàápàá, ọ̀gá nínú àwọn ọ̀gá onígìtá blues, aṣọ ló ń ki bọ ihò gìtá tirẹ̀ kó má baà hu, nígbà tí Gibson sì fẹ́ ṣe Lucille tó ní orúkọ gìtá rẹ̀ jáde lọ́dún 1980, wọn kò dá ihò sójú rẹ̀ mọ́ rárá. Gìtá tirẹ̀ ní ìtì igi láàárín inú, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti béèsì lọ dáadáa, síbẹ̀ ó hu mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ tún rò ó wò: inú òfìfo lẹ sanwó rẹ̀, ẹ wá ra fóòmù láti fi dí i. Èwo ni ẹ rà gan-an?

Àwọn tó lówó ju yín lọ ti bá a jà. Ní San Francisco, Jack Casady ti ẹgbẹ́ Jefferson Airplane àti Phil Lesh ti Grateful Dead fẹ́ràn Guild Starfire, onítì igi nínú. Bí sípíkà wọn ṣe ń tóbi sí i ni wọ́n ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó dá iléeṣẹ́ Alembic sílẹ̀ lọ́dún 1969, tí wọ́n ń tú inú rẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ píkọ́ọ̀pù, tí wọ́n ń de ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọn lára. Nígbà tó di ọdún 1972, Alembic ṣe odidi béèsì tuntun fún Casady, òun sì ni àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ náà ṣe. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dá mi lóhùn pé Casady tún padà sí onínú òfìfo nígbà tó yá, pé Epiphone ti ń ta èyí tó ní orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1997. Bẹ́ẹ̀ ni. Casady ní ẹni tí ń bá a tún gìtá ṣe àti ẹni tí ń bá a tọ́jú ohùn láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin ní ọmọ ìjọ kan tó fi iṣẹ́ tẹ́lọ̀ sílẹ̀ wá dí ipò nídìí míkísà.

Owó tí ẹ máa san lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán ni ẹnu àwọn oníṣòwò kì í là sọ. Okùn ni ẹ kọ́kọ́ bá pàdé. Láti ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọrùn dé bíríìjì, Höfner jẹ́ íńṣì 30. Fender jẹ́ 34. Okùn tó wà nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, ti 34 ni. Bí ẹ bá fi tipátipá ta á mọ́ béèsì kúkúrú, apá tó nípọn lára rẹ̀ á dé ibi tí ó yẹ kó ti tínrín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ yí òpó ìyíkùn, á sì já tàbí kí ohùn rẹ̀ kú. Ẹ di ẹni tó ń bẹ èèyàn ní London tàbí Houston pé kó bá yín fi okùn ránṣẹ́.

Lẹ́yìn okùn ni bíríìjì. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí mo ti rí ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí rẹ̀. Bíríìjì Höfner 500/1 kò ní ìdè kankan: igi dúdú kékeré ni, pẹ̀lú irin tín-ín-rín mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí fún okùn kọ̀ọ̀kan. Okùn nìkan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú igi. Ọkùnrin tí mò ń wí fẹ́ fọ béèsì rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àjíǹde, ó tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà bí a ti ń ṣe fún béèsì onígi òdidi. Bíríìjì bọ́ sílẹ̀, irin rẹ̀ kan yí sábẹ́ àga. Ó dá a padà sí ibi tó rò pé ó wà, ó ta okùn, ó tún un ṣe dé orí ohùn, ó dára. Àmọ́ nígbà tó gun òkè ọrùn, gbogbo ohùn kọsẹ̀. Bí bíríìjì bá yẹ̀ díẹ̀ péré, okùn tó bá ohùn mu nísàlẹ̀ kò ní bá a mu lókè mọ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń pààrọ̀ okùn irú béèsì bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún un nígbà tó ń sanwó?

Bí wáyà bá já nínú òdidi pákó, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ jó o padà. Nínú ọ̀pọ̀ onínú òfìfo, ihò tóóró ojú rẹ̀ lẹ máa gbà fa gbogbo nǹkan jáde pẹ̀lú okùn ìránṣọ, ẹ ó sì tún gbà á dá wọn padà, kọ́kọ́rọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan ní láti bọ́ sí ihò tirẹ̀ láìrí i. Ọ̀gá tó lè ṣe é wà, àmọ́ wọn kò pọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn kò pọ̀. Oúnjẹ ọyẹ́ sì ni igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òjò oṣù Keje mú un wú, ọyẹ́ oṣù Kìíní mú un sún kì, gọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ á ṣí, ojú igi á là. Béèsì McCartney ti ọdún 1961 yẹn, tí olè jí gbé nínú ọkọ̀ ní London lọ́dún 1972, wọ́n rí i padà, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ó pé, àpótí rẹ̀ pàápàá wà, àmọ́ ó ní láti kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ alátùn-únṣe kó tó lè kọrin. Àjà ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti jáde o, kì í ṣe búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ọ̀sán gangan ń bọ̀ ní Òṣódì.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mi ò ní fi gùn. Orin ìyìn wa lónìí, okùn márùn-ún la fi ń ta á. Okùn B ìsàlẹ̀ yẹn, tó ń mì ní nǹkan bí ìgbà 31 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń sá lọ nígbà tí olórin bá yí ohùn padà lójijì. Okùn mẹ́rin ni ti Höfner àti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ó dé ibi tí orin fẹ́ wọlẹ̀ sí, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ ti tán.

Àwọn tó wọ́n níwọ̀n wà, mi ò sẹ́. Höfner fúnra rẹ̀ ń ta àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà ní owó tó kéré gan-an sí ti Jámánì. Ibanez náà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Artcore. Ohun tí mò ń bá wí níbẹ̀ ni ayédèrú tí kò ní orúkọ bàbá, àti tòkunbọ̀ tó ti inú àpótí ọkọ̀ òkun jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan nínú ooru. Ẹ gbé e sípele ojú, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: bí ojú igi abẹ́ bíríìjì bá ti rì wọnú, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọrùn ti pàdé ara: bí bébà ìwé bá lè wọ àlàfo ibẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fi bẹ́líìtì kọ́ ọ lọ́rùn, kí ẹ sì jáwọ́: ara ọ̀pọ̀ nínú wọn fúyẹ́ ju orí lọ, ọrùn á máa wó sílẹ̀, ọwọ́ òsì tó yẹ kó máa tẹ okùn ni á máa ru igi ní gbogbo oru.

Ta ni mo lè gbà fún, nígbà náà? Ẹni tó ti ní béèsì onígi òdidi tó ń jẹun lórí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò tàbí tó ń bá ẹgbẹ́ kékeré ṣeré ní ibi tí wọn kì í ti í pariwo, tí owó tó fẹ́ ná kò sì ní ìdí tí yóò fi gbọ̀n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó wá onítì igi nínú, kó lọ gbádùn. Ẹ̀yin yòókù, bí ọkàn yín bá ṣì ń fà sí i lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ má san kọ́bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bẹ oníṣòwò, ẹ fi nǹkan dúró, ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ ti máa ń ṣeré. Ẹ tan gbogbo sípíkà, ẹ gbé ohùn dé ibi tó máa ń wà nígbà tí ìyìn bá gbóná, ẹ dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gba ohun tí ẹ fi dúró.